N Ò Tẹ̀ Ẹ́

Ọmọkùnrin náà kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó kí mi dáadáa, ó fi ìka ọwọ́ kan kan ilẹ̀ bí àwọn ọmọ òde òní ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀, ó sì yọ fóònù rẹ̀ jáde. Àwòrán ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló fi hàn mí, tòun ti òǹtẹ̀ lára rẹ̀, tòun ti ibi tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ buwọ́ lù. Ó ní kí n yọ orúkọ tó wà níbẹ̀, kí n fi tòun rọ́pò, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn. Ẹyọ kan péré ló fẹ́. Owó tó dárúkọ, bí mo bá tẹ káàdì ìgbéyàwó ọ̀ọ́dúnrún, n kò ní jèrè tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "N ò tẹ̀ ẹ́."

Ó rò pé owó ni kò tó. Ó fi kún un. Mo ní n ò tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ méjì tó wà lẹ́yìn mi, ó wo ọmọ iṣẹ́ mi tó ń ka bébà, ó wá bi mí ní ọ̀rọ̀ kan tó ti ń bá mi gbé láti ọjọ́ náà: "Daddy, ṣebí ọjà lẹ ṣí sílẹ̀? Ẹni tó ṣí ọjà tún máa ń ṣa ẹni tó máa tà fún ni?"

Kí n tó rí èsì fọ̀, ó ti fo gọ́tà. Ilé ìtẹ̀wé mẹ́rin ló tò sí òdìkejì títì. Ó wọ ìkẹta.

Ṣómólú ni mo ń wí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe ìnáwó rí ní Èkó, tó ti rí pósítà olóṣèlú lára ògiri rí, tó ti ra ìwé fún ọmọ rẹ̀ rí, iṣẹ́ Ṣómólú ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Mo wọ ibẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ ní 1991, nígbà tí ariwo Kord, ẹ̀rọ àwọn ará Jámánì tí àwa ń pè ní kọ́ọ̀dù, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, pàápàá tó bá di àsìkò kàlẹ́ńdà. Láti ilé dé ilé ni iṣẹ́ ń rìn: ẹnìkan á ya iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn á ṣe pílétì, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á gé e, ẹlòmíràn á dì í. Ìdí nìyẹn tí kíkọ iṣẹ́ kì í fi í dà bí ohun ńlá láàárín wa. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ogún ìṣísẹ̀ péré lẹ máa fi kún ìrìn yín.

Síbẹ̀, ìbéèrè ọmọ yẹn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹ lọ sí Òyìngbò, kí ẹ ná ẹja tí wọ́n pè ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ní ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀. Ẹ ó gbọ́ "Mi ò tà," ìyá ẹlẹ́ja á sì ti kọjú sí ẹlòmíràn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Kò sí ẹni tó ń gbé ìyẹn lọ sílé ẹjọ́. Ìnájà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, pé àwìn kò sí lónìí, kí ẹ wá lọ́la. Ẹ fi kún owó yín, ìyá ẹlẹ́ja á tà. Ẹ san gbèsè yín, oníṣọ́ọ̀bù á ṣí ìwé tuntun fún yín. Iye tí ẹ dá lé e ló kọ̀, kì í ṣe ojú yín.

Àwa atẹ̀wé kì í sábà là á mọ́lẹ̀ bí mo ṣe là á fún ọmọ yẹn. A máa ń ní ọwọ́ wa dí. A máa ń ní ẹ̀rọ ti yọnu, à ń retí ẹni tó máa tún un ṣe. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé a ó máa gbé owó lé iṣẹ́ náà títí oníbàárà á fi dìde fúnra rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi èyí hàn mí. Ó ní kíkọ̀ tó ní ìwà nìyẹn, nítorí ẹni tí owó bá lé lọ kò ní bínú sí ẹ, ó lè gbé iṣẹ́ mìíràn wá lọ́la. Mo lo ọgbọ́n yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó jẹ́ kí n jáwọ́ ni pé oníbàárà kan san án.

Lébẹ́ẹ̀lì oògùn ibà ló gbé wá. Ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili ti di olórí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn, láti 2001, gbogbo Èkó ló sì ti mọ̀ pé ayédèrú oògùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára lébẹ́ẹ̀lì náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọkùnrin náà nípa ilé iṣẹ́ tó ni oògùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò so mọ́ra. Mo ṣe bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Mo pe iye tí mo mọ̀ pé ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní san, ó tó ìlọ́po mẹ́ta. Ọkùnrin náà ṣí báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó sórí tábìlì mi. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́, kò bà mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó lè san ìlọ́po mẹ́ta lórí bébà mọ ohun tó fẹ́ fi bébà ṣe. Níbẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi sọ ọ́ gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀; nínú iṣẹ́ tiwa, atẹ̀wé ló ń dúró lábẹ́ àjà.

Ọ̀gá mi náà bẹ̀rù rí. Ní ayé Abacha, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì wá sí ilé ìtẹ̀wé wa ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba ológun ń lé kiri ni wọ́n gbé wá. Wọ́n fẹ́ ká fi òru tẹ̀ ẹ́, kí àwọn kó o lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà yẹn, àwọn agbófinró a máa já wọ ilé ìtẹ̀wé, wọ́n á kó ìwé tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa, ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ á sì bá wọn lọ. Ọ̀gá mi ní, "Mo níyàwó, mo bímọ, ẹ̀rọ yìí nìkan ni mo ní láyé." Wọ́n kí i, wọ́n lọ. Èmi ọmọ iṣẹ́ tó dúró ti bébà, mo pè é ní ojo nínú ọkàn mi. Ìwé ìròyìn náà jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹnìkan ti gbà á tẹ̀ níbìkan. Lónìí tí mo ti níyàwó, tí mo bímọ, tí mo sì ní ẹ̀rọ, n kò pè é ní ojo mọ́. Kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ipá gbé ẹjọ́ ẹlòmíràn lé e lórí. Ẹni tó sì gbà á tẹ̀, Ọlọ́run ló mọ orúkọ rẹ̀.

Ibi tí èmi fi ẹsẹ̀ mi tì sí lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí kò ṣòro láti sọ: iṣẹ́ ni mo lè kọ̀, n kò lè kọ ènìyàn.

Mùsùlùmí ni mí. Tó bá di oṣù Ọ̀pẹ, ìdajì oúnjẹ ilé mi ló ń ti ṣọ́ọ̀ṣì wá: kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìkórè, pósítà ìsọjí. Àgbàlagbà kan ní mọ́sálásí wa bi mí rí pé ṣé kì í kọ mí lóminú. Mo ní kọ́ọ̀dù mi kò tíì kírun rí, kò sì tíì ṣe ìrìbọmi. A jọ rẹ́rìn-ín. Bàbá yìí kan náà ló rán ọmọ sí mi pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ń bú àwọn onígbàgbọ́, tí wọ́n tiẹ̀ dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa nínú rẹ̀. Mo dá a padà. Oṣù mẹ́ta ni bàbá kò fi jẹ́ kíkí mi. Lódún tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ kan gbé irú ẹ̀ tó dojú kọ àwa Mùsùlùmí wá, mo dá òun náà padà. Nígbà tí ìkórè wọn dé, pásítọ̀ kan náà gbé ìwé ètò ìkórè wá, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì bá a dín owó kù díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè tún wá sílé.

Ẹjọ́ kan wà ní Belfast, ní Àríwá Ireland, tó yẹ kí atẹ̀wé mọ̀. Ní 2014, ọkùnrin kan ní kí ilé oníkéèkì kan bá òun ṣe kéèkì, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀ tó ń ṣe àtìlẹ́yìn fún ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Wọ́n kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, àwọn tó ni ilé kéèkì náà ní ìgbàgbọ́ Kristẹni àwọn kò jẹ́ kí àwọn lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n dá owó padà. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Britain, ní oṣù Ọ̀wàrà 2018 sì ni adájọ́ márààrún fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn oníkéèkì ló jàre: ọ̀rọ̀ tó wà lórí kéèkì ni wọ́n kọ̀, wọn ì bá sì kọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni òṣùwọ̀n tí mo ń lò, kí n tó gbọ́ nípa Belfast rárá. Bí ẹlòmíràn bá gbé iṣẹ́ yìí gan-an wá, ṣé màá tẹ̀ ẹ́? Bí mo bá máa tẹ̀ ẹ́ fún un, a jẹ́ pé ènìyàn ni mò ń kọ̀, kí n yéé fi iṣẹ́ bojú. Òṣùwọ̀n yìí a máa já mi lára nígbà mìíràn. Lọ́dún 2018 kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ oníkéèkì mìíràn, ti ìpínlẹ̀ Colorado, tó kọ̀ láti ṣe kéèkì ìgbéyàwó fún ọkùnrin méjì. Adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án dá oníkéèkì láre, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dúró lé ni pé àjọ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà kò fi ọ̀wọ̀ wo ẹ̀sìn rẹ̀. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n ní kó kọ sórí kéèkì yẹn. Bí mo bá gbé e lé òṣùwọ̀n mi, ènìyàn ló kọ̀, bó dùn mọ́ mi nínú tàbí kò dùn mọ́ mi.

Ó rọrùn láti dá ẹjọ́ Colorado láti Ṣómólú. Tilé ló ṣòro. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023, nígbà tí ìdìbò gómìnà Èkó ku ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò gbóná lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àwọn kan gbé hándíbíìlì wá tó ń kìlọ̀ fún ẹ̀yà kan pé kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò. Mo kọ̀ ọ́, ìyẹn kò sì gbà mí ní àsìkò. Èyí tó gbà mí ní àsìkò ni ti oníbàárà mi kan tó ń ta sípéà páàtì ní Ládípọ̀, ọmọ Ìgbò, tí mo ti ń tẹ rìsíìtì fún láti ìgbà tí ọmọ mi àgbà wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò rí i tó jókòó sọ́dọ̀ mi. Nígbà tó lọ tán, wọ́n wá bá mi pé, "Bàbá, ẹ má bá wọn tẹ nǹkan mọ́." Mo bi wọ́n pé rìsíìtì ńkọ́, kí ló kọ sínú rẹ̀ tó burú. Wọn kò rí èsì kankan ju pé òun ni òun lọ. Mo tẹ rìsíìtì náà. N kò ní sọ pé àyà mi kò já lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí mo ń ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí àwọn ọmọ yẹn fẹ́ kì í ṣe pé kí èmi nìkan kọ̀ ọ́. Wọ́n ti wọ ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ogún ìṣísẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Bí ilẹ̀kùn kan bá tì, ènìyàn á lọ sí òmíràn. Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá fi ẹnu kò láti tì, ògiri ni.

Èkó ti rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivor Cummings, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, ti London wá sí Èkó lórí iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Erékùṣù Èkó. Nígbà tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n ní kò sí àyè. Ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì lè sọ pé ilé òun ni, òun ló mọ ẹni tó máa sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó mọ̀ pé kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì kan ni. Ilé ìwòsàn àwọn Òyìnbó wà lọ́tọ̀, àdúgbò wọn ní Ìkòyí wà lọ́tọ̀. Ilẹ̀kùn Bristol wulẹ̀ jẹ́ èyí tó pariwo nígbà tó ń tì ni. Ariwo náà wá pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti nígboro débi pé Gómìnà Arthur Richards ní láti kọ̀wé pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí ìjọba lọ́wọ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ògiri náà ti ga ju tiwa lọ, òfin 1964 ni wọ́n fi wó o fún hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká sọ pé ti ayé Òyìnbó ti lọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò tíì lọ́kọ, tó ń wá ilé ní Èkó. Onílé á ní kó mú ọkọ wá, tàbí kó mú bàbá rẹ̀ wá. Abala 42 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé kí a má ṣe fi ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn tàbí ìṣẹ̀dá ọkùnrin àti obìnrin fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ òfin àti ìṣe ìjọba ló ń bá wí. Kò dárúkọ onílé. Kò dárúkọ èmi atẹ̀wé náà.

Kí n tó máa bá onílé wí, ó yẹ kí n sọ ti ara mi.

Oṣù Èrèlé 2023 ni, nígbà ọ̀wọ́n owó, tí ìjọba ń fi náírà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ìyá kan láti Bárígà ti san àsansílẹ̀ fún ìwé ètò ìsìnkú ọkọ rẹ̀, àádọ́jọ ẹ̀dà, pẹ̀lú àwòrán bàbá náà níwájú, tó dé fìlà abetí-ajá. Ọjọ́bọ̀ ló wá gbé e. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Ó jókòó, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùnlélógójì náírà sílẹ̀ níwájú mi. Ẹgbẹ̀rún kan kan àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, owó àtijọ́ rèé. N ò lè gbà á."

Ó ní, "Owó tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ibo ni kí n ti rí òmíràn?"

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí. Ilé ẹjọ́ ń sọ ti rẹ̀, Ààrẹ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé igba náírà nìkan ló kù nínú owó àtijọ́, ẹni tó ń ta bébà fún mi kò gbà á, báńkì kò ṣílẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n ṣe tiránsífà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ fóònù, owó kúrò ní àkáǹtì wọn, kò wọ tèmi. A dúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n. Aago mẹ́fà lù, mo ní bí mo bá gbọ́ àláàtì, kí wọ́n wá gbé e. Ìyá náà di owó rẹ̀ padà sétí ìró. Kò bú mi. Ó wo ìdì ìwé tó wà lórí tábìlì, ojú ọkọ rẹ̀ ló kọ sókè, ó sì dìde.

Ọjọ́ Ajé ni àláàtì dé. Wọ́n ti sin bàbá.

Bí mo bá gbé ọjọ́ yẹn lé òṣùwọ̀n mi, mo yege. N kò kọ ìyá náà nítorí ẹni tó jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá kó owó yẹn wá, n kò ní gbà á. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òṣùwọ̀n mi kò pé. Èkejì ló ṣẹ́kù, tí mo ti ń fi ẹnu sọ láìmọ̀: bí mo bá kọ̀ ọ́, ibo ló máa lọ? Iṣẹ́ ti parí, ọwọ́ mi ló wà, ogún ìṣísẹ̀ kò sí fún un. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di òpin ọdún náà. Mo ti gbé ìwé náà lọ sí Bárígà fúnra mi nígbà yẹn. Ìyá gbà á, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. N kò lè mu ún tán.

Ìbéèrè kejì yìí ló fi yé mi ìdí tí ẹ̀tọ́ èmi láti kọ̀ fi ju ti ilé ìwòsàn lọ. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ilé ìwòsàn má kọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Òfin 2017 tún fi kún un pé ẹni tí ìbọn bà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìsí pé wọ́n ń bèèrè ìwé ọlọ́pàá tàbí àsansílẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ wo iye ẹ̀mí tó ti bọ́ kí ẹnìkan tó kọ ìyẹn sílẹ̀! Òfin àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n nípa ilé ìtura: arìnrìn-àjò tí ilẹ̀ ṣú mọ́ kò níbòmíràn, nítorí náà onílé ìtura kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ láìnídìí. Òfin yẹn ni Learie Constantine, agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Trinidad, fi jàre hòtẹ́ẹ̀lì kan tó kọ̀ ọ́ ní London ní 1944.

Àtẹ̀gùn ilé ìtẹ̀wé mi náà sì ń kọ ènìyàn láìla ẹnu. Ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì wà lókè. Oníbàárà mi kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ máa ń dúró sójú oòrùn nísàlẹ̀, á máa bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni tó wà ní Kánò. Òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2019 fún àwọn aláàbọ̀ ara ní owó ìtanràn nínú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún fún ẹnìkan, mílíọ̀nù kan fún ilé iṣẹ́. Kì í ṣe òfin náà ló mú mi sọ tábìlì kan kalẹ̀ sísàlẹ̀. Ojú ló tì mí.

Lóṣù tó kọjá, mánìjà hòtẹ́ẹ̀lì kan wá. Èmi ni mo ń tẹ sitíkà wọn láti ọjọ́ pípẹ́, títí kan èyí tó sọ pé àwọn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹni tí wọ́n bá fẹ́ wọlé. Ìyẹn kò dùn mí rí, nítorí n kò rí ẹni tó kọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀mùtí tó ń fọ́ ìgò ni mo rò pé ó ń bá wí. Èyí tuntun tó gbé wá yàtọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ lẹ́tà gàdàgbà pé obìnrin tó bá dá wá lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Mo rò ó wò: nọ́ọ̀sì tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, obìnrin tó ń lọ sí ìpàdé ní Abẹ́òkúta, ọmọ tèmi. Mo bi í pé ọkùnrin tó bá dá wá ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "N ò tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn. Mo rí i lára gíláàsì ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tiẹ̀ fi lẹ́tà pupa kọ ọ́.